Ta Ni Ọkàn Rẹ̀ Ò Balẹ̀?

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ariwo ayùn, ọwọ́ mi máa ń lọ sí fìlà mi. Ọ̀gá wa nílé ìlagi ní Ṣakí ló fà á. Láràárọ̀, kó tó jẹ́ kí n tan ẹ́ńjìnnì, yóò gbàdúrà, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ á ṣe àmín. Yóò wá ṣí fìlà fún wa, àgbà bíi tirẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀: "Ta ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lónìí?"

Mo dáhùn lọ́jọ́ kan pé èmi àti ìyàwó mi jà. Ó ní, "Máa lọ sílé, lọ bẹ̀ ẹ́. Ayùn ò mọ ẹni tó ń ronú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó bi wá bó ṣe máa ń ṣe. A ní kò sí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì gbàgbé láti dé fìlà rẹ̀ padà. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó fi máa wádìí àgbà? Mo tan ẹ́ńjìnnì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ayùn ti gé apá rẹ̀. Kò rí alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a lọ kí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wá túfọ̀ fún wa láti Ofiki pé ọmọ wa obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá yín jókòó sílé. Ó ní bí òun ò bá lọ, ta ni yóò bi yín léèrè?"

Ó wá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló bi òun náà nínú yín?"