Ọmọ Télọ̀ àti Orúkọ Àgbà

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀mí ọmọbìnrin kan tí gbogbo wa mọ̀ sí Ọmọ Télọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń ránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju kí ó fi òwú sójú abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyá ti di orúkọ ọmọ, orúkọ náà sì bá a kọjá omi. Ẹni tí ó mú un lọ ní àlàáfíà, tí ó sì ń pa á mọ́ níbẹ̀, Òun ni ìyìn yẹ.

Ìlú etíkun ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́, níbi tí òpópónà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí èbúté. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sinmi, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì máa jẹ irin. Ó ti jẹ kẹ̀kẹ́ onílé wọn tán, ó ti jẹ irin tó di fèrèsé mú. Aṣọ tí a bá sá síta á gbẹ, á sì tún máa rin. Ọmọ Télọ̀ kò jẹ́ kí èyí bà á lẹ́rù. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá ti lè tì í lẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí ló kù tí òun ń wá?

Nígbà tí ó yá, wọ́n rán an lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà láti lọ fi iṣẹ́ náà dánra wò. Yàrá gbọọrọ ni, bẹ́ẹ̀dì àwọn bàbá arúgbó tò sí i lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òkun ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè ní èbúté. Títí di ìsinsìnyí, kò sí ọkọ̀ tó wọlé tí kì í rí àléébù nínú bí wọ́n ṣe di ẹrù rẹ̀. Baba Èbúté ni Ọmọ Télọ̀ ń pè é.

Òfin ilé náà kò gùn: orúkọ aláìsàn gbọ́dọ̀ jáde kí oògùn tó jáde. Lọ́jọ́ ìdánwò, Ọmọ Télọ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú Baba Èbúté, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Baba. Ẹ gba oògùn yín, sà.” Oògùn náà kò ṣì, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ olùkọ́ àgbà, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, fa ìlà pupa sórí gbogbo ìwé ìdánwò rẹ̀.

“Ta lo fún ní oògùn?”

“Baba ni, mà.”

“Baba méje ló wà ní yàrá yìí. Èwo nínú wọn?”

“Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, mà.”

“Ìwọ mọ̀ wọ́n. Ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?”

Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo. Bí ó bá tún kùnà, wọn yóò yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì, ìwé tó fi ń gbé ìlú náà yóò sì parí pẹ̀lú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé ló ń padà lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kò rí ohun tó le níbẹ̀.

“Pè é lórúkọ kó o máa lọ. Ṣé orúkọ ń géni jẹ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn ju bàbá bàbá mi lọ. Kí n kàn la ẹnu kí n pè é bí ẹni pe ajá?”

“Ajá gan-an máa ń dáhùn.”

“Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lẹ̀ ń tọ́jú.”

“Òótọ́ ni. Kò sí orúkọ tí mi ò tíì pè é, kò sì bínú rí.”

Kì í ṣe agídí ló ń ṣe ọmọ náà. Ó dúró níwájú dígí, ó pe orúkọ náà jáde ketekete. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú arúgbó náà, “Baba” náà ló tún jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti kékeré ni a ti kọ́ ọ pé kí ó dìde níwájú orí ewú, ohun tí a sì kọ́ ọmọdé kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ náà kò ṣì. Olùṣọ́-àgùntàn rere pàápàá, orúkọ ló fi ń pe àwọn àgùntàn rẹ̀.

Ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́kọ́ gbọ́.

“Màmá, tí oníbàárà tó jù yín lọ bá wá gba aṣọ, ṣé ẹ máa ń pè é lórúkọ ni?”

“Kí ni mo jẹ? Mo máa ń ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ wo la kọ sára rẹ̀?’ Á sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò pe orúkọ àgbà, mi ò sì gbé aṣọ ẹnì kan fún ẹlòmíì rí.”

“Kódà ẹni tẹ́ ẹ mọ̀?”

“Ẹni tí mo mọ̀ gan-an. Ṣé ẹni tó bá Jákọ́bù jìjàkadì mọ́jú kò mọ̀ ọ́n ni? Síbẹ̀ ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, kó tó súre fún un. Ṣé o ti jẹun?”

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ìdánwò kejì, afẹ́fẹ́ já irin tí iyọ̀ ti jẹ lára fèrèsé ńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré ti bẹ́ẹ̀dì síbí, wọ́n ti òmíràn sọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Ọmọ Télọ̀ dé, wọ́n ti fi pákó dí ojú fèrèsé. Ẹni tó wà ní ààyè Baba Èbúté ti fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé imú, ó sì ti fa fìlà dé ojú. Olùkọ́ àgbà dúró lẹ́yìn ọmọ náà.

Ó tẹ eékún rẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ dákun, kí lorúkọ yín?”

Arúgbó náà yọ ẹnu síta, ó sì dárúkọ. Kì í ṣe orúkọ tó wà lára oògùn. Ọmọ Télọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ má bínú, sà. Oògùn yìí kì í ṣe tiyín.”

“Mo mọ̀,” ni bàbá náà wí. “Tèmi kò ní àwọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bó o bá gbé e fún mi, màá gbé e mì. Ta ni mo fẹ́ bá jà láàárọ̀ yìí?”

Ohùn kan dún láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn. “Èmi nìyí o. Wọ́n ti wọ́ mi kúrò létí omi.”

Ó lọ bá a. “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ dákun, kí lorúkọ yín?”

“Ìwọ tí ò ń bá mi ka ọkọ̀ lójoojúmọ́? O ti gbàgbé mi?”

“Mi ò gbàgbé, sà. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti jáde.”

Baba Èbúté gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí, ó ka orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un, bí ẹni tí wọ́n ń pè síbi iṣẹ́. Ó bá ti ara oògùn mu. Ọmọ Télọ̀ gbé e fún un, ó sì gbé e mì.

“Ta lo fún ní oògùn?” ni olùkọ́ àgbà bèèrè.

“Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, mà.”

Olùkọ́ náà kọ̀wé díẹ̀. “O yege. Tí a bá ń bi àgbà tí etí rẹ̀ ti di pé ‘ṣé ẹ̀yin ni lágbájá?’, ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ló máa dáhùn. Bí o ṣe bèèrè yẹn ni kó o máa bèèrè lọ.”

Ọmọ Télọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí. Títí di òní, orúkọ arúgbó náà kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ sí etí bàbá náà. Baba Èbúté gan-an ti wá sọ ọ́ di òfin: nọ́ọ̀sì tí kò bá bi í léèrè orúkọ kò ní rí ẹnu rẹ̀ kó oògùn sí.

Ẹni tí ó bèèrè orúkọ Jákọ́bù kí ó tó bùkún un, kí ó bùkún Ọmọ Télọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí ojú ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere láti rán aṣọ funfun tí ọmọ náà yóò wọ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí. Kí àlàáfíà wà nínú yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù náà, fún òun àti fún Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń gbé. Lọ́jọ́ tí a ó sì pe orúkọ níwájú ìtẹ́ Olúwa, kí tirẹ̀ àti ti gbogbo ará ilé rẹ̀ jáde. Àmín.