Màmá Aṣọkòrún àti Ìyàwó Tí Kì Í Kíni

Láti ìgbà tó wà lọ́mọge ni obìnrin yìí ti ń lọ aṣọ jẹun. Yàrá ńlá kan lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ooru tó ń ru sókè lára aṣọ tútù a máa bo ojú fèrèsé, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà a sì wá dà bí ohun tí èèyàn ń wò lójú oorun. Inú ooru yẹn ló gbé tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ibẹ̀ ló gbé hewú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Màmá Aṣọkòrún, torí pé kò sẹ́ni tó rí aṣọ tó rún lára rẹ̀ rí. Ẹ má pè é ní afẹ́. Ohun tó ń gbádùn láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni kíká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn méjì ló ń ká a. Ọ̀kan á di etí kan mú, èkejì á di etí kejì mú, wọ́n á nà án gbọọrọ láàárín ara wọn, lẹ́yìn náà ni ẹni tó kéré á rìn wá bá àgbà, á sì kó etí tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá yàrá, Màmá Aṣọkòrún kò rìn lọ bá ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn ń dúró ni, aṣọ funfun á sì máa bọ̀ wá bá a nínú ooru náà bíi kùrukùru òwúrọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe mẹkáníìkì ní ìlú mìíràn. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ aránṣọ kan tí àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, tí èdè wọn àti tiwa kò bára tan rárá. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti kọ́ èdè ọkọ rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ ketekete. Lórí fóònù, oyin ni. Tí màmá bá ti pè é, tó ní, "Hẹ́lò, ìyàwó mi," báyìí ni ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, á béèrè ilé, á béèrè iṣẹ́, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, títí káàdì á fi tán. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ó ti bí obìnrin, màmá lọ àwọn aṣọ rẹ̀, ó di báàgì, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn. Ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Màmá náà dúró, ó ń retí kí wọ́n kí òun káàbọ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn dákẹ́ títí ọmọ rẹ̀ fi sáré ti ẹ̀yìn ilé wá gba báàgì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pàdé ní kíṣìnnì, ìyàwó tún tẹrí ba, ó tún dákẹ́. Kò kí i láàárọ̀, kò kí i lálẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun màmá wọ egungun. Ṣé ẹ̀tàn lásán wá ni gbogbo oyin orí fóònù yẹn? Ó bá búra nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní la ẹnu sí ọmọ tí kò kí òun. Ohunkóhun tí òun bá ń fẹ́, ọmọ òun ni òun máa rán sí i tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ ò tíì rí agídí àgbàlagbà.

Ohun tó wá dùn ún jù ni ọmọ tuntun náà. Ìyàwó kì í gbé e fún un. Á gbé ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á wo ìyá ọkọ rẹ̀, á tún wolẹ̀. Màmá á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣófo lórí itan. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá dé lálẹ́ tó sì gbé e fún un nìkan ló ń gbọ́ òórùn orí ọmọ náà, oorun á sì ti gbé ọmọ lọ kó tó dìgbà yẹn. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí ọmọ náà la ojú wò ó. Lọ́sàn-án, oorun á gbé òun náà lọ lórí àga, á sì rí ara rẹ̀ ní yàrá ìlọṣọ, tó di etí aṣọ kan mú. Aṣọ náà gùn débi pé kò rí ẹni tó di etí kejì mú. Á dúró títí, ẹnikẹ́ni kò ní wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ni òjò ṣú lójijì, tí oorun àga yẹn ṣì wà lójú rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà lórí okùn lẹ́yìn ilé. Òun àti ìyàwó sáré jáde pọ̀, wọ́n yọ ọ́, oníkálukú di etí kan mú, wọ́n nà án. Màmá dúró kí ọmọdé rìn wá. Ìyàwó náà dúró, ó tẹrí ba, ó ń wò ó láti abẹ́ ìpéǹpéjú. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín wọn, ó ń tutù, ó ń wúwo, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó sú màmá, ó ju etí tirẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé. Ó lọ aṣọ tó máa wọ̀ relé, ó gbé e kọ́. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé tílẹ̀ bá ti mọ́, òun ń lọ, òun kò sì ní padà wá. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní bóyá ẹ̀rù ló ń ba ìyàwó òun. Màmá ní irú ẹ̀rù wo nìyẹn tí kò jẹ́ kí èèyàn lè sọ pé ẹ káàárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ jáde lọ gbé ọkọ̀ tó máa fi sìn ín. Màmá wọṣọ, ó jókòó sí pálọ̀, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ń gba inú kọ́tìnnì wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó ṣí díẹ̀, màmá sì ń wò ó láti ibi tó jókòó sí. Ìyàwó ń pe ìyá àgbà tirẹ̀ lórí fóònù, irú ìpè tí àwọn méjèèjì fi ń rí ojú ara wọn. Ojú ìyá arúgbó kan yọ. Ìyàwó kò sọ nǹkan kan. Òun ló pe ìyá náà, síbẹ̀ ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dákẹ́, bó ṣe ń ṣe ní kíṣìnnì gẹ́lẹ́. Ìyá arúgbó wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú, kò kánjú, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà tó gbórí sókè tí ọ̀rọ̀ sì tú lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ìyá náà na ọwọ́, ó tún sọ nǹkan. Ìgbà yẹn ni ìyàwó tó gbé ọmọ síwájú fóònù.

Màmá kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè náà, ṣùgbọ́n ohun tó rí yé e. Ó rántí tirẹ̀ lórí fóònù. Ta ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Òun ni. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ọmọ yìí, ọmọdé kì í la ẹnu kí àgbà tó là á, kì í sì í gbé nǹkan fún un kó tó béèrè. Ọ̀wọ̀ ni ọmọ yìí ti ń bù fún un láti ọjọ́ tó ti dé, òun sì ń kà á sí àfojúdi. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì tún ń dùn lábẹ́ ìtìjú náà.

Ìyàwó jáde tòun tọmọ lọ́wọ́. Ó rí báàgì, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó tẹrí ba, ó dákẹ́. Màmá fi ẹsẹ̀ ti báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí tọmọdé tàgbà ti ń kí láti ọdún yìí wá, kò rọrùn fún un kó ṣáájú ọmọdé kíni. Ó dìde. Ó rìn lọ bá a, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Káàárọ̀, ìyàwó mi," ó ní. "Ṣé o jí dáadáa? Gbé ọmọ mi fún mi."

Ìyàwó gbórí sókè. "Ẹ káàárọ̀, màmá. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé ni mo ti ń dúró kẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Èmi náà ń dúró," ni màmá wí.

Ó gba ọmọ. Fèrè ọkọ̀ dún níta, ó tún dún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọmọ tuntun náà la ojú méjèèjì, ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó wò ó dáadáa, lẹ́yìn náà ló tọ̀ sára aṣọ ìrìn àjò tó gún régé yẹn. Ìyàwó sáré na ọwọ́ láti gbà á. Màmá Aṣọkòrún ní kó fi í sílẹ̀. Ó fà á mọ́ra sí i, aṣọ náà sì rún pátápátá.