Rashidat Gbà fún Ìhín, Ó Gbà fún Ọ̀hún

Àwọn tó ń di ìwé ní àdúgbò wa ní Ṣómólú ní àṣà kan: iṣẹ́ ńlá kì í wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan kó sùn síbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé dé, wọ́n á pín in. Ẹnìkan á ká ìwé, ẹnìkan á to ojú ìwé tẹ̀lé ara wọn, ẹlòmíì á rán an, ẹlòmíì á lẹ èèpo rẹ̀. Kálukú á sì rí tirẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wọn fi yan alága, torí níbi tí wọ́n bá ti ń pín nǹkan, ìjà ò jìnnà.

Rashidat Ọdẹ́túnjí ni alága náà. Ọ̀dọ̀ Bàbá Fọláhàn ló ti kọ́ṣẹ́, àgbàlagbà tó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé débi pé ìwé á gbó tán, okùn ò ní já. Kò sí ẹni tí Rashidat ń bọ̀wọ̀ fún tó Bàbá. Àmọ́ ojú rẹ̀ ò fọ́. Ó rí i pé àwọn oníbàárà ti ń gbé iṣẹ́ lọ sí Palmgrove, níbi tí ẹ̀rọ ti ń lẹ ìwé, tí wọ́n á sì gbà á lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tí Ìbíyẹmí, ọ̀dọ́bìnrin inú ẹgbẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti alága, wá sọ pé òun fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Rashidat ní, "Rà á jàre. Bí a ò bá ní ẹ̀rọ, ebi ló máa pa gbogbo wa."

Bàbá Fọláhàn gbọ́ fìnrín, ó pe Rashidat sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Rashidat kúnlẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Kò sí ẹ̀rọ tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín níṣojú mi."

Ẹ má pè é ní onírọ́ o. Méjèèjì ló gbà gbọ́ tọkàntọkàn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè; ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ nílò ọwọ́ méjèèjì. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó sọ ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ìkejì lẹ́yìnkùlé, ó wá ń mí fúù bí ẹni tó ti parí ìjà. Olórí tó ń tijú! Ó ń sá fún ọjọ́ tí àwọn méjèèjì máa jókòó pọ̀.

Ọjọ́ náà wá a délé. Iléèwé kan ní Akọkà gbé ìwé àwọn ọmọ wọn wá, iléèwé sì ti fẹ́ wọlé. Ìbíyẹmí kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tuntun, kò pín nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ọwọ́ wọn dilẹ̀. Inú bí Bàbá Fọláhàn, ó pe ìpàdé. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà ò bá yanjú, òun àti àwọn àgbà á kúrò nínú ẹgbẹ́.

"Alága ló ní kí n rà á," Ìbíyẹmí sọ níbẹ̀. "Ṣé kí n wá ra ẹ̀rọ tán kí n fi aṣọ bò ó ni? Wàhálà wo nìyí?"

"Alága yìí kan náà ló kúnlẹ̀ fún mi," Bàbá dáhùn.

Gbogbo ojú yí sí Rashidat. Ẹnìkan pariwo látẹ̀yìn, "Madam, ẹ mú ọ̀kan jàre! Àbí ẹnu méjì lẹ ní?"

Ojú tì í. Ì bá rọrùn fún un láti mú ọ̀kan. Kò mú un.

"Mo sọ méjèèjì," ó ní, "mi ò sì ní kó ọ̀kankan jẹ nínú wọn. Ẹ̀rọ á dúró, pípín náà á dúró. Ẹ̀rọ á máa lẹ ìwé, àmọ́ kíká àti títò á máa yí káàkiri bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé tó bá sì gba rírán, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ń lọ. Ẹ̀bi mi ni pé mi ò sọ ọ́ lójú gbogbo yín."

Ìbíyẹmí kùn pé ìyẹn á fa iṣẹ́ sẹ́yìn, àmọ́ ó gbà. Àwọn àgbà náà gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Fọláhàn nìkan ló dìde, tó jáde lọ. Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ṣí mọ́.

Rashidat wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a nílé ní Bàrígà. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ẹgbẹ́ tí kò sí Bàbá nínú rẹ̀ ò jọ ẹgbẹ́ lójú rẹ̀. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ètò tí mo ṣe ò bá dáa, ẹ sọ fún mi."

"Ètò ẹ dáa," Bàbá ní. "Mo ti rò ó títí, mi ò rí ibi tó kù sí."

"Ṣé ẹ máa padà wá?"

Bàbá mirí. "Rashidat, èmi tí mo kọ́ ẹ níṣẹ́, o rò pé etí mi ò lè gba ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní o sọ fún mi pé ẹ̀rọ ń bọ̀ ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá kó àwọn àgbà jáde, ká jọ bá ọmọ yẹn gbé e wọlé."

Rashidat wà lórí ìkúnlẹ̀.