Wọ́n Fá Orí Ọmọ Mi Kí N Má Bàa Pẹ́ Lọ́dọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí ní Bódìjà ní Sátidé tó kọjá.

Onídìrí ni mí ní Àgbówó. Nígbà tí èmi àti bàbá Mofẹ́ kọ ara wa sílẹ̀, kọ́ọ̀tù ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kí n máa lọ wò ó ní Sátidé. Ilé màmá ọkọ mi àtijọ́ ní Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀yìn géètì ni wọ́n ń gbé àga sí fún wa. Ká tó kí ara wa tán, wọ́n á ní ọmọ fẹ́ jẹun, ọmọ fẹ́ sùn.

Ọgbọ́n wo ni mo wá dá? Irun! Mo ní kí n máa dì í fún un. Wọ́n gbà, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Mo máa ń dì í wẹ́wẹ́ kó má bàa tètè parí, Mofẹ́ náà á máa ro ẹjọ́ ilé ìwé fún mi. Ta ló fẹ́ mú ọmọ tí irun rẹ̀ dé ìdajì wọlé?

Àfi bó ṣe jáde sí mi ní Sátidé yẹn, tí wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro.

Màmá bàbá rẹ̀ rọra ṣàlàyé pé àwọn ò fẹ́ kí n máa dààmú mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Bàbá Mofẹ́ yọjú, ó sọ ọ́ lójú ọmọ:

"Ẹni tó ń bọ́ ọmọ ló ni ọmọ."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló dá bàtà ilé ìwé tí mo rà padà!

Mofẹ́ di aṣọ mi mú. "Mọ́mì, tí irun mi bá hù, ṣé ẹ tún máa pẹ́?"

Wọ́n mú un wọlé.

Mo padà sí kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé ní ṣebí wọ́n jẹ́ kí n rí i, kí ni mo tún fẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ara yín, ẹ jẹ́ kí kọ́ọ̀tù sọ ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí àti bẹ́ ẹ ṣe máa pẹ́ tó. Èmi fi í sílẹ̀ fún àánú wọn.

Ta nirú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Kí lẹ ṣe? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ọ̀la ni Sátidé.