Ẹgbẹ̀jìlá Ebè Ó Lé Ọgọ́fà

Gbì, gbì, ni ọkọ́ bàbá ìyá mi ń dún nínú ilẹ̀ tútù, ikọ́ sì ń dá wọn dúró láàárín ebè kan sí èkejì. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí gba gbogbo oko náà, lẹ́yìn Ayétòrò. Èmi ni mo ń gbé ike omi tẹ̀lé wọn.

Lọ́dọ̀ wa, igba-igba la fi ń ka ebè, igba méjìlá sì ti pé nílẹ̀. Ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí aláìsàn máa bọ̀ nílé. Bàbá ní ó ku ọgọ́fà. Inú bí ìyá mi débi pé wọ́n gbé oúnjẹ tí wọ́n gbé wá padà sílé.

Tebitebi la jókòó sábẹ́ igi kaṣú. Bàbá ní bí ọgọ́fà yẹn bá lé e, ẹni méjì lè pín oko náà, ẹni mẹ́ta lè pín in, títí dé ẹni mẹ́wàá, ẹyọ kan ò ní ṣẹ́ kù. Mo bi wọ́n pé méje ńkọ́, torí méje máa ń dà mí láàmú ní ilé ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní méje gan-an ló ń fìyà jẹ àwọn. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ebè ì bá ti tó.

“Nígbà tí bàbá tèmi kú, ebè kan ló ṣẹ́ kù. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ò kí ara wọn mọ́ títí ọ̀kan fi kú. Kò ní ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tèmi.”

Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, ọmọ mẹ́wàá la sì mọ̀ mọ́ wọn. Bí ẹbí fi iye ìyàwó pín oko náà, bí wọ́n fi iye ọmọ pín in, yóò pé. Wọ́n kọ ọgọ́fà náà tán. Iṣu ò tíì gbó tí wọ́n fi kú.

Ẹbí ní orí-ò-jorí ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìpín kan. Nígbà tí iṣu gbó, láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ pín in, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ní láti Kétu lòun ti wá, ọmọ bàbá lòun. Iwájú orí bàbá ló gbé wá. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ó tún dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ wá di mọ́kànlá. Wọ́n pín ebè títí, ó ku ẹyọ kan.

Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń wo ara wọn. Ìyá mi ló mú àdá. Wọ́n tú ebè náà, wọ́n wa iṣu rẹ̀, wọ́n dáná síbẹ̀, wọ́n sun ún. Wọ́n fi epo sí i, wọ́n wá kúnlẹ̀ níwájú àlejò náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú.”

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Mo ti fi fóònù ṣírò iye ebè tí ẹni méjì títí dé ẹni mọ́kànlá ì bá lè pín láìṣẹ́ kù: ó ju ọ̀kẹ́ kan lọ, kò sì sí arúgbó tó lè kọ ebè tó bẹ́ẹ̀. Àánú bàbá ṣì ń ṣe mí nítorí ọgọ́fà tí wọ́n fi ikọ́ kọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣu oko yẹn, ti ebè tó ṣẹ́ kù nìkan ni adùn rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu mi.