Omi Tí Kò Níyọ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò wa, ní Badagry níbí, pé omi kànga wa níyọ̀. Bí a bá fi se ọbẹ̀, ìwọ̀nba iyọ̀ la máa ń fi sí i. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́jọ́ tí omi inú kẹ́ẹ̀gì mi dédé dùn lẹ́nu.

Oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà nígbà náà. Méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú rẹ̀, ni ìyá ọkọ mi bá kó ẹrù wá láti ìlú Apá pé àwọn fẹ́ tọ́jú mi. Èmi kọ́ ni mo pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé gan-an ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ìrora náà ń ti ẹ̀yìn bọ̀ sí abẹ́ ikùn, mo ń yí gbiri nílẹ̀. Mo ní èyí náà ti tún fẹ́ lọ nìyẹn.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní àwọn kò ní ya ẹ́kísíréè nítorí ọmọ. Síkáànù ni wọ́n fi wò mí. Ara ọmọ le. Ó wá tọ́ka sí nǹkan funfun kékeré kan.

“Òkúta ló wà nínú kíndìnrín yín, ìyá.”

“Òkúta? Ta ló fi í síbẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀, ìdọ̀tí inú ìtọ̀ ló ń dì. Ó fún mi lóògùn ìrora tí kò ní pa ọmọ lára, ó ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n sì máa fi aṣọ sẹ́ ìtọ̀ mi títí òkúta yóò fi bọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ní tèmi, mo ti mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ológbò ló ń jẹ ẹja tí ìyá ọkọ mi bá yan fún mi.

Àfi bí omi ṣe dùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo tu ú jáde. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sẹ́yìn ilé, mo da gbogbo rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ tún mọ́, ó tún ti kún. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń dà á nù, ìwọ̀nba omi kànga tí mo fi ń gbé oògùn mì nìkan ni mò ń mu.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìrora padà dé, ibà sì tẹ̀ lé e. Dókítà wo ìtọ̀ mi tó pọ́n kuku.

“Ìyá, ẹ ò mu omi. Bí ibà yìí bá le sí i, ọmọ lè jáde láìtọ́jọ́.”

Wọ́n fa omi sí mi lára. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí, kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń fi òróró ra orúnkún. Ara mi ò gbà á mọ́.

“Ìyá, kí lẹ ń fi sínú omi mi?”

“Vi ṣie,” ni wọ́n wí. Ọmọ mi ni wọ́n ń pè mí lédè Ègùn. “Omi ẹ̀rọ ni. Ìlú Aradagun lọ́hùn-ún ni mo ti ń pọn ọ́n kí o tó jí. Ta ló lè mu omi iyọ̀ yẹn púpọ̀?”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“O ò jẹ ẹja mi. Bí mo bá ní èmi ni mo pọn ọ́n, ṣé wàá mu ún?”

Ojú tì mí débi pé n kò lè wò wọ́n. Mo na ọwọ́, mo ní kí wọ́n bu omi fún mi.

Lọ́jọ́ kẹta, òkúta náà bọ́ sínú aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ìtọ̀, kò ju ẹyọ gààrí kan lọ. Ọmọ mi ti ń rìn báyìí. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé so, ìyá ọkọ mi ló gé e, wọ́n ní àwọn ò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tóbi báyẹn rí. N kò tíì lè sọ fún wọn pé omi wọn ló mu.