Ọjọ́ Tí Omi Gòkè Níwájú Méyọ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Cleophus Gaither ní Pruittville, ní Alabama, ọjọ́ tí omi gòkè ni wọ́n kọ́kọ́ ń rántí. Òun ló ń darí báńdì kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Omi tó pọ́n bí ìpẹtà ló ń jáde ní àdúgbò Creek tó ń gbé, méyọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú ò sì dá wọn lóhùn. Gaither ní bí ẹnu ò bá ká a, fèrè á ká a.

Ó ṣètò pé nígbà ìsinmi àárín eré bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ báńdì á tò sórí pápá bí àwòrán ẹ̀rọ omi, àwọn kan á tò bí ife nísàlẹ̀. Odessa Tarpley àtàwọn tó ń fọn fèrè ńlá ni omi tó máa ṣàn sínú ife. Ṣùgbọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọ Gaither lójú, nítorí náà, ìhà tí àwọn èrò àlejò máa ń jókòó sí ló ń gbé àkàbà tó fi ń wò wọ́n sí nígbà ìdánrawò. Lọ́jọ́ eré, àwọn àlejò rí omi tó dà sínú ife, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn onílé tó jókòó sí òdì kejì rí ẹ̀rọ tó forí sọlẹ̀, ife tó dojú dé lókè, àti Odessa tó gbé fèrè kọ́rùn, tó ń lọ sọ́run.

“Kí lo lọ wá lókè yẹn?” ìyá rẹ̀ bi í nílé.

“Omi ni mí, Mọ́mà.”

“Omi wo ló ń gòkè? Àfi ti Creek náà.”

Ní pápá, méyọ̀ tó jókòó sáàárín àwọn onílé ti rẹ́rìn-ín títí kó tó sọ fún Gaither pé, “Tíṣà, ife yín dojú dé o.”

Ìgbà yẹn gan-an ni Gaither ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àṣìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbà. “Ó ti pẹ́ tó ti dojú dé, sà. Bí ẹ bá ń wá sí Creek ni, ẹ̀ bá mọ̀.”

Ẹ̀rín bá yí sórí méyọ̀. Ó ri páìpù tuntun dé ìdajì Creek, ó dúró. Ìparí àdúgbò ni ilé Gaither wà.

Lọ́dún kejì, Gaither fẹ́ kí aráàlú jáde dìbò. Bàtà ńlá ló ní kí wọ́n tò. Lójú àwọn onílé, bàtà náà dojú dé, ó ń fi okùn rẹ̀ rìn lọ sídìí àpótí ìbò, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè.

“Ẹ ò ní gbé àkàbà yìí kúrò ni, Tíṣà?” Odessa bi í.

“Oòrùn ni kó kúrò.”

Gaither máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, “Èmi ni mo kọ́ omi bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ọ̀nà ilé mi ni mi ò rí kọ́ ọ.”

Gaither kú nígbà òtútù, páìpù ò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Verlene ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé omi lọ sílé. Odessa tó ti kàwé jáde ló wá ń darí báńdì, ó sì ní àwòrán ẹ̀rọ omi àtijọ́ náà làwọn máa fi ṣèrántí Gaither.

“Mà, ṣé ká yí i kó dáa?” ọmọ kan tó ń fọn kàkàkí bi í. “Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Yẹ̀yẹ́ ló gbé páìpù dé ìdajì.”

Lọ́jọ́ ìrántí náà, omi tún gòkè. Àwọn onílé rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe orúkọ Gaither. Verlene dìde, ó gbé ife rẹ̀ sókè, ó dojú rẹ̀ dé. Gbogbo ará Creek ṣe bẹ́ẹ̀. Verlene wá lọ bá méyọ̀ níbi tó jókòó, ó na ife náà sí i.

“Ó ku ìdajì Creek títí dé ilé Cleophus, sà.”

Méyọ̀ ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gba ife náà. “Mo ti gbọ́, mà.”

Nígbà tí páìpù gbé omi dé ìparí Creek, Odessa ló mu ife àkọ́kọ́ nílé Verlene. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Àkàbà náà ṣì wà ní ìhà àwọn àlejò. Odessa gbìyànjú láti gbé e sódì kejì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gùn ún, ó sì yára sọ̀ kalẹ̀. Òótọ́ ni Tíṣà sọ, oòrùn ibẹ̀ le jù.